Àbàwọ́n Kòkó Nínú Ọkọ̀ Ṣẹ́gunfúnmi

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi ní Ìwárò-Ọ̀kà na ọwọ́ sókè, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ì bá gòkè. Òkúta ló yí ìlú náà ká, òkè gun orí òkè. Omi tó pọ̀ jù tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ mọ̀ ni èyí tó wà nínú kànga àti èyí tó ń sáré gba inú gọ́tà lẹ́yìn òjò. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé Eunice, funfun báláú, tó jókòó lórí táyà bí adìyẹ tó sàba.

Ṣẹ́gunfúnmi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló gbé e wálé láti Ìgbòkòdá níbi tó ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn. Kì í ṣe ọkọ̀ onípákó o! Fáíbà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà mọ́tò àti táǹkì omi. Òun ló tẹ́ fáíbà náà ní ìpele-ìpele, òun ló sì fi awọ funfun tó ń dán yẹn bò ó, tinú-tẹ̀yìn. Ọwọ́ òun àti tàwọn ẹlòmíràn ló wà nínú gbogbo ọkọ̀ tó bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n èyí, òun nìkan ló ṣe é láti ìdí dé orí. Ó ní orí omi dáàmù tó wà lápá Ìkàrẹ́ lòun máa gbé e sí, kí òun máa fi gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Àkùngbá kiri, kí wọ́n máa ya fọ́tò. Ta ni kò rẹ́rìn-ín? "Nóà" ni wọ́n sọ ọ́.

"Nóà, ìgbà wo lòjò ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́," òun náà á fèsì. "Bó bá dé, n ò ní ṣílẹ̀kùn fún yín."

Ìyọ̀ǹda ìjọba tó ń retí láti gbé ọkọ̀ sórí omi náà kò dé. Ìgbà tó yá ni kòkó so, ó so bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe kòkó rí mọ̀ pé bí a bá ti là á, a kì í sá a lójú ẹsẹ̀. A ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí ara rẹ̀ á fi gbóná, tí ẹran funfun ara rẹ̀ á yọ́ dànù, tí yóò kan, tí yóò sì pọ́n. Apẹ̀rẹ̀ tí Eunice fi ń ṣe é kún dé ẹnu. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo ọkọ̀. Inú ọkọ̀ jìn, ó tẹ́jú, ó sì ní ihò kékeré kan nídìí tí wọ́n fi ń tú omi inú rẹ̀ jáde, èyí tí omi kòkó lè gbà ṣàn lọ. Àwo wo ló tún kù láyé? Ó tẹ́ ewé, ó da kòkó sí i.

Ìgbà tí Ṣẹ́gunfúnmi wọlé, ó kígbe. "Màmá! Ọkọ̀ mi lẹ sọ di apẹ̀rẹ̀ kòkó?"

"Ṣé o ń lò ó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lò ó lọ, ọjọ́ tí omi bá pè é, wọ́n á fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ di ilé kòkó, ọdún kan, ọdún kejì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ya, omi kòkó ń jò sí ara funfun náà, kò sì sẹ́ni tó bìkítà.

Ìgbà tí kòkó máa fi tún pọ́n, Ṣẹ́gunfúnmi ti kú. Ibà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ibà náà ló parí ẹ̀.

Eunice kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń pa ẹkún mọ́ra. Ó wá ẹkún náà títí, kò rí i. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́, tó wá fọwọ́ kàn án, tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, àmọ́ tí ẹsẹ̀ kò dá a lóhùn? Bí gbogbo ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ń jí, ó ń gbálẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ ń mì bí wọ́n bá ń kọrin. Àwọn tó ń pè é ní Ìyá Ṣẹ́gun kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè é mọ́. "Ẹ ǹlẹ́ o" nìkan ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sì yára kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ọkùnrin kan ni.

"Màmá, Nathaniel ni o, ọ̀gá Ṣẹ́gun ní Ìgbòkòdá. Mo fẹ́ wá gbé ọkọ̀ yẹn."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá gbé e sómi ni. Ọmọ yẹn kàn án, kò sì dé orí omi rí. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Màá kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, á máa kó èrò láàárín àwọn ìlú etí omi wa. Lọ́rì mi ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja ní Sátidé, ọ̀dọ̀ yín ló máa gbà. Ṣé ó ṣì funfun?"

Eunice wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. "Ó dọ̀tí díẹ̀."

"Ìdọ̀tí tó bá ṣeé fọ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àbàwọ́n ti wọ inú ẹ̀, Màmá, n ò ní tàn yín. Èrò kì í wọ ọkọ̀ tí inú ẹ̀ bá dúdú, wọ́n á ní ó ti jẹrà. Bó bá ti rí báyẹn, màá kàn gé e wẹ́wẹ́ ni, kí n máa fi lẹ ara àwọn ọkọ̀ mìíràn."

Gé e wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ etí Eunice, ó jókòó síbẹ̀, kò lọ sí ọkàn. Kò dùn ún. Ó kàn rí i pé òun ti dìde, òun sì ti ń wá garawa.

Ó kó ewé gbígbẹ tó wà nínú ọkọ̀ dànù, ó pọn omi, ó da ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ lọ. Ohun tó wà lábẹ́ erùpẹ̀ wá yọjú: àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, òmíràn bí ẹ̀dọ̀, òmíràn bí tíì tó dà sórí aṣọ funfun, ó yí gbogbo inú ọkọ̀ ká, ó sì pọ̀ jù lápá iwájú níbi tí kòkó máa ń pẹ́ sí. Ó tún fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n ń wò ó.

Ọmọ́yẹni, aládùúgbò rẹ̀ tí ilé wọn kọjú síra, ló gbọ́ ìró omi tó fi yọ sí i. Obìnrin yìí, bí ẹ bá dákẹ́, òun kò ní dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe nínú ọkọ̀? Ẹ fẹ́ lọ sí òkè òkun ni?"

"Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e ní Sátidé. Wọ́n ní bí kò bá funfun, àwọn máa gé e."

Ọmọ́yẹni bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ha àbàwọ́n. "Nítorí eléyìí? Èmi tí mo máa ń fọ ìkòkò táwọn èèyàn fi ń wo ojú? Ẹ dúró dè mí."

Òótọ́ ni. Lágbo àwọn obìnrin àdúgbò yẹn, ẹni tí ìdí ìkòkò rẹ̀ bá dúdú, kó má wulẹ̀ gbé e jáde níbi ìnáwó. Ọmọ́yẹni sáré gbé eérú wá láti ìdí àrò, ó mú kànìnkànìn onírin méjì, ó ju ọ̀kan sí Eunice. Làwọn méjèèjì bá kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ń ha á, *gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀*, eérú ń fò, wọ́n ń làágùn. Wọ́n ha á títí oòrùn fi rọ̀. Wọ́n wá da omi sí i.

Ó ti dúdú.

Kì í ṣe pupa rúsúrúsú mọ́ o! Dúdú bíi yíǹkì, bí ẹni tó da tàdáwà ìkọ̀wé sí i. Ọmọ́yẹni fọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Ṣé ọkọ̀ yìí ń bínú ni?"

Eunice gbé kànìnkànìn sílẹ̀. Ó ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ sí mi."

"Mo máa lọ sí Ìkàrẹ́ lọ́la," ni Eunice wí, ó sì lọ dá iná sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà Jùbílì, ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Wàhábì, tó ń kun mọ́tò, tó sì máa ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ṣe. Ṣẹ́gunfúnmi ti wá ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí Eunice fi mọ̀ ọ́n. Ó bá a níbi tó ti ń fi omi fọ ara ilẹ̀kùn mọ́tò Kamírì kan.

"Ìyá Ṣẹ́gun! Ẹ káàsán, Màmá. Ṣẹ́gun ńkọ́?"

Kò tíì gbọ́. Eunice sọ ọ́ fún un bí ẹni tó ń sọ pé ọjà kò kún. Wàhábì jókòó lé orí táyà, ó gbé fìlà kúrò lórí, ó ń fi í nu ojú. Eunice ló ń dúró dè é kó parí, nítorí iṣẹ́ ló bá wá.

Ìgbà tó sọ ti ọkọ̀ fún un, tó dé ibi eérú àti kànìnkànìn onírin, Wàhábì di orí mú.

"Màmá! Ẹ ti pò yíǹkì fúnra yín! Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ onírin bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, báwo lọwọ́ yín ṣe máa ń rí?"

"Á dúdú."

"Ọ̀bẹ ńkọ́?"

"Òun náà á dúdú."

"Ó tán nìyẹn. Ohun tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nínú kòkó. Bó bá ti bá irin pàdé, dúdú ni. Eérú wá tún kín in lẹ́yìn. Kí lẹ máa ń fi fọ ọwọ́ yín tó bá ti dúdú báyẹn?"

Eunice wò ó. "Ọsàn wẹ́wẹ́."

"Màmá, kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ mi?" Wàhábì rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé ẹ̀rín náà mì.

Ó ní ohun kíkan ló máa ń já àbàwọ́n irú ìyẹn. Kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí àkísà, kí ó tẹ́ ẹ lórí àbàwọ́n, kí ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó kí ó má baà gbẹ, kí ó fi í sílẹ̀ ní ibòòji, kó wá ṣàn án. Kó má lo bílíìṣì, kó má lo omi bátìrì bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ sọ fún un. Bí ó bá ku díẹ̀, kí ó fi sáńpépà tó kúnná jù lọ ra á, nínú omi ni o, kí eruku rẹ̀ má baà wọ àyà. Lẹ́yìn náà ni kọ́ǹpáǹdì, èyí tí wọ́n fi ń dá dídán padà sára mọ́tò. Ó bu díẹ̀ fún un nínú agolo mílíìkì.

"Awọ funfun yẹn, Màmá, kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni òwú fáíbà wà. Bí ẹ bá ti rí òwú, ẹ dúró. Ẹ gbọ́? Ohun yòówù kó kù níbẹ̀, ẹ dúró. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ẹ ti lu ọkọ̀ nìyẹn."

Eunice ra ọsàn wẹ́wẹ́ kún àpò kan kó tó wọ mọ́tò padà sí Ọ̀kà. Ní ọjọ́ kejì, ó gé wọn, ó ń fún wọn sínú abọ́ oníke. Ó fa ìró àtijọ́ kan ya, ó rì í, ó tẹ́ ẹ káàkiri inú ọkọ̀. Ọmọ́yẹni ti wá ṣe ìrànlọ́wọ́, nítorí ẹ̀bi eérú ṣì ń dá a láàmú.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọwọ́ yín!"

Eunice wo ọwọ́ rẹ̀. Kànìnkànìn onírin ti bó o ní ìka mẹ́ta, omi ọsàn sì ń wọ inú egbò náà, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú abọ́.

"Kò ta yín ni? Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lórí egbò! Èmi tí mò ń wò ó, ó ń ta mí!"

"Bóyá ó ń ta mí," ni Eunice wí. Ó na ọwọ́ fún Ọmọ́yẹni láti fi aṣọ dì í, ó sì fi ọwọ́ kejì mú ọsàn mìíràn.

Ìgbà tí wọ́n ká àkísà àkọ́kọ́ kúrò, ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Dúdú yẹn ti yọ́. Ó ti di omi eléérú tó ń sá lọ bí wọ́n ti ń bu omi sí i, ó gba ihò ìdí ọkọ̀ jáde, ó wọ ilẹ̀ lọ. Ibi tó ti wà di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n tún tẹ́ àkísà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ di àwọ̀ ọ̀rá màlúù. Wọ́n tún tẹ́ ẹ, ó funfun. Ọmọ́yẹni ń jó lórí òkúta. "Ó ń jẹ ẹ́! Ó ń jẹ ẹ́! Ọsàn náírà díẹ̀!"

Bí funfun ti ń jáde ni ipa búrọ́ọ̀ṣì ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Inú ọkọ̀ kò dán tó ẹ̀yìn rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni Ṣẹ́gunfúnmi fi kùn ún, ipa rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní ilà-ilà, ó lọ sí ọ̀tún, ó ṣẹ́rí, ó padà. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Eunice rí i, ó mọ̀ ọ́n. Ó ń dúró de ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e nínú ara rẹ̀. Kò sí nǹkan tó dé. Ó bu omi sí i.

Ní Fúráìdé, ó ku iwájú ọkọ̀. Àbàwọ́n ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara. Ọsàn já a, ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan tí kò gbà. Eunice mú sáńpépà, ó rì í sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Omi rẹ̀ funfun bíi wàrà. Ó ń ra á. Ọmọ́yẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ kan tó gba ìwé ìgbaniwọlé, ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Eunice kò gbọ́ ọ̀kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó dà bíi pé ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, pé bí kò bá dúró, kò sídìí tí yóò fi dúró láéláé. Ara apá rẹ̀ ti ń yún ún. Ó ń ra á.

Omi wàrà yẹn dáwọ́ dúró. Ó wolẹ̀. Ó rí nǹkan tínínrín-tínínrín, bí irun, tó dábùú ara wọn lábẹ́ ìka rẹ̀.

Òwú.

Àbàwọ́n náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti mu inú òwú lọ. Ó kéré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere, iwájú gan-an ni, ibi tí ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ á kọ́kọ́ wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra á díẹ̀ sí i," ni Ọmọ́yẹni wí. "Ó ti fẹ́ lọ. Bí ọkùnrin yẹn bá rí i, á gé e o."

Eunice di sáńpépà mú. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ. Ó gbé e sórí àbàwọ́n náà, ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e sí i.

"Rárá," ló wí, ó sì ju sáńpépà sí ìta.

Kọ́ǹpáǹdì ni wọ́n fi parí ọjọ́ náà, wọ́n fi ń nu gbogbo ibi tó kù títí ó fi dán. Ibi kékeré yẹn nìkan ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, pupa, bí ojú tó ń wo ọ̀run.

Lọ́rì Nathaniel dé ní Sátidé nígbà tí oòrùn ti mú. Àgbàlagbà tó sanra ni, ó bọ́ bàtà kó tó wọ inú ọkọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa inú ọkọ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, ó gba omi lọ́wọ́ Ọmọ́yẹni, ó dà á sílẹ̀, ó ń wo bí omi náà ṣe ń ká jọ, tó ń yọ̀ lọ. Ó dé iwájú. Ó kúnlẹ̀. Ó fi èékánná kan òwú náà, ó tún kàn án. Ọmọ́yẹni di ìró rẹ̀ mú.

"Kí ló wà nínú ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?"

"Kòkó," ni Eunice wí. "Èmi ni mo kó o sí i."

"Kòkó!" Nathaniel wò ó lójú. "Ta ló wá fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni."

Ó tún wo ibi àbàwọ́n yẹn. "Ẹ rí òwú, ẹ sì dúró."

"Wọ́n ní kí n dúró."

"Ọ̀pọ̀ kì í dúró, Màmá. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ gan-an kì í dúró." Ó dìde, orókún rẹ̀ dún. "Èyí kò tó nǹkan. Màá fi awọ tuntun bò ó kó tó wọ omi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkọ̀ yìí ń lọ sí orí omi. Ọ̀rọ̀ gígé ti tán."

Ọmọ́yẹni kígbe "Jésù!", ó dì mọ́ Eunice. Eunice jẹ́ kó dì mọ́ òun. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sì ń wo àwọn ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí lọ́rì pẹ̀lú okùn.

Nígbà tí wọ́n ń sin Ṣẹ́gunfúnmi, wọ́n ti ìyá rẹ̀ mọ́ yàrá. Bó ṣe yẹ ni wọ́n ṣe. Òbí kì í wo ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ rẹ̀ gbà, òbí kì í mọ ojú ilẹ̀ náà. Láti inú yàrá ló ti gbọ́ tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn kọjá lábẹ́ fèrèsé. Ní báyìí tí àwọn ọkùnrin ti fi okùn de ọkọ̀, tí wọ́n fẹ́ gbé e, Ọmọ́yẹni fà á lápá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọlé. Ẹ má wò ó. Kò dáa kẹ́ ẹ wò ó."

"Ọkọ̀ ni," ni Eunice wí. "Ọkọ̀ ni mo fẹ́ wò."

Kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ dìde lórí àwọn táyà, wọ́n sì yí i dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè gba àárín ilé méjèèjì kọjá. Ìdí ọkọ̀ wá yọ. Eunice kò rí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. Oòrùn kò dé ibẹ̀, kòkó kò dé ibẹ̀, eérú kò dé ibẹ̀. Ó funfun, ó ń dán débi pé ara àwọn ọkùnrin náà hàn nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń mí.

"Ẹ dúró ná," ló wí.

Wọ́n dúró, iṣan ọrùn wọn le. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ tí aṣọ dì lé e. Ó tutù. Ó mọ̀ pé ó tutù, kò sì tíì mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé ọwọ́ náà síbẹ̀ díẹ̀ sí i.

"Màmá, ó wúwo o," ni ọ̀kan nínú wọn wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó mú ọwọ́ kúrò. Wọ́n gbé ọkọ̀ kọjá, wọ́n gbé e sórí lọ́rì, wọ́n so ó. Nathaniel dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọ omi òun á pè é. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í fà jáde sí ojú títì, iwájú ọkọ̀ yọ gogoro sókè, ó ń sún mọ́ wáyà iná tó rọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà.

Eunice sáré. Ó sáré tẹ̀ lé wọn, ìró rẹ̀ ń tú, ó ń kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi yọjú láti inú ilé, nítorí wọn kò tíì gbọ́ kó gbóhùn sókè láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú.

"Ẹ ṣọ́ wáyà yẹn o! Dírẹ́bà! Rọra! Rọra, ó ga! Ẹ máa bọ̀ lápá òsì, ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀..."

Lọ́rì gba apá òsì. Ọkọ̀ kọjá lábẹ́ wáyà, kò fara kàn án. Eunice dúró lójú títì, ó ń mí hẹlẹ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣì ń júwe ọ̀nà fún wọn.